Àwo Baba Oyèdìjí Ń Dún Kọ́kọ́

Òkíkíọlá ṣì wà nílẹ̀. Ìgbà tí ògì ń hó lórí iná ló ti dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó rẹ̀. Ògì jinná, wọ́n bù ú, wọ́n mu ún, wọ́n fọ abọ́, ọkùnrin náà ṣì dojú bolẹ̀ níwájú àpótí irin tí àwo ohùn bàbá ń yí nínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti papò dà, nítorí pé bàbá kò tíì ní kó dìde.

Ẹ má sì rò pé èèyàn bíńtín ló wà nílẹ̀ yẹn o. Òkíkíọlá ga, ó fẹ̀, ó ki pọ́pọ́. Bó bá dúró sẹ́nu fèrèsé, gbogbo àdúgbò á tan fìtílà lọ́sàn-án gangan. Bó bá sín, ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti Ìjẹmọ̀ á ṣẹ́rí padà sí Ìjẹmọ̀. Òkè-Ń-Rìn ni wọ́n ń pè é ní Lafẹ́nwá. Bó bá wá dọ̀bálẹ̀, kí onílé yáa di òpó mú: àyà rẹ̀ á kan pákó gbìì, ilé á mì, odò Ògùn tó wà lábẹ́ pákó á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ẹja àrọ̀ á sì fò láti inú omi bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ará ojúkojú, kò ní béèrè ẹni tó ni ọbẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o," ló tún wí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó.

"Kọ́," ni àpótí dáhùn. "Kọ́. Kọ́."

Fadérẹra ìyàwó rẹ̀, tó kúnlẹ̀ ti àpótí náà pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní kó dìde jàre. Òkíkíọlá ní òun kò jẹ́ dán an wò. Ṣé kí wọ́n gbọ́ nígboro pé òun ọmọ àlejò, tí odò gbé ilé òun lọ, tí wọ́n gbà sílé tí wọ́n tún fún ní ìyàwó, òun ló wá ń dìde lójú àgbà kí àgbà tó fọwọ́ sí i? Yèyé, ìyá Fadérẹra, fọhùn láti ẹ̀yìn ààrò pé ẹ ò rí ọmọ tó mọ̀wà hù, pé nígbà tí Òkíkíọlá kọ́kọ́ wá tọrọ aya, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ló fọ́ àwo oúnjẹ mẹ́fà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun kò sì tíì rí ẹ̀bùn ìyàwó tó dùn tó yẹn láyé òun.

Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀ náà tán, fèrè dún láti òdì kejì omi.

Màmá Tíjánì ni. Ó dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, fèrè òfin tí a ń fun bí àwo bá dún kọ́ wà lẹ́nu, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ti gbọ́ kọ́kọ́ náà. Ó bọ́ fèrè lẹ́nu, ó sì pariwo sí wọn lórí omi pé, "Fadérẹra, má bínú sí mi. Ohùn Tíjánì mi wà nínú bàbá rẹ."

Fadérẹra gbé ọwọ́ sókè sí i pé òun kò bínú. Báwo ni yóò ṣe bínú? Kò sí àpótí kan ní àdúgbò náà tí kò ru díẹ̀ nínú ẹrù àpótí ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò ṣe ń báni ru ẹrù. Tíjánì ọmọ obìnrin náà bá omi lọ, ẹ̀rín rẹ̀ ló kù, ìdajì ẹ̀rín náà sì wà lára àwo Baba Oyèdìjí. Gbogbo wọn ló rántí ilé Ṣódiípọ̀ lẹ́yìn odò, tí wọ́n fi àwo tó ń kú pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ìdíbàjẹ́ inú àwo náà ràn bí ìgbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àpótí Ṣódiípọ̀ ti ń pe ìyálé ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Àpótí ilé kejì ti jẹ́rìí pé òbúkọ ni baálé. Níṣojú àwọn ẹbí, àpótí ilé kẹta ka orúkọ àwọn ọmọ, ó ka mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ àgàn ni ìyá ilé.

Fèrè ti dún, òfin ti ń bọ̀ lójú omi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Olùyẹ̀wò Àwo á ti débẹ̀ pẹ̀lú àpò dúdú tí wọ́n fi ń gbé àwo òkú lọ síná ìjọba, àti kọ́kọ́rọ́ irin gígùn kan. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Òun ni wọ́n fi ń ká afárá. Ilé tí kò ní àgbà kò lójú ọ̀nà ní Lafẹ́nwá. Wọ́n á ká afárá rẹ̀ sókè, wọ́n á gé iná rẹ̀, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára òpó àdúgbò, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì di èrò ọkọ̀ ojú omi tí kò níbi tó ń lọ.

Yèyé jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn béèrè bóyá bàbá ń kú ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Fadérẹra ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀.

Ẹ wò ó, oníṣègùn àwo pọ̀ ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ikọ́ kan, wọ́n á ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè. Fadérẹra kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Etí rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tó lè gbọ́ èèrà méjì tó ń ṣàríyànjiyàn lórí ṣúgà, kó sì mọ èyí tó jẹ̀bi. Ní Ìtòkò, ó jí àwo kan tó ti kú. Àwo náà lajú, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ọbẹ̀ tó kù lánàá. Òrùka ẹ̀rí tí ìjọba fi sí i níka kò tíì jẹ́rìí èké rí, nítorí ohun tó bá fi òrùka náà sọ, gbogbo àpótí ìlú ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣeé gbé mì mọ́.

Wáyà ló kọ́kọ́ fura sí. Nídìí iṣẹ́ yìí, wáyà ni olè àkọ́kọ́ tí à á mú. Ó tú èyí tó wà lára àwo, ó fi tuntun sí i. Àpótí jí, ó wúkọ́, ó sì fi ohùn Baba Oyèdìjí wí pé, "Dìde, ọmọ mi. Ta ló fi ọ́ sílẹ̀ báyìí?" Òkíkíọlá dìde, pákó ní àmì ojú rẹ̀ lára. Fadérẹra ní kó jáde, kó tún padà wọlé, kí òun lè gbọ́ bó ṣe máa dáhùn.

Ó jáde, ó wọlé. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe kàn án mọ́ gbogbo ilé: ÀGBÀ Ń BẸ NÍLÉ. KÍ I KÍ O TÓ JÓKÒÓ. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́rọ̀ irin náà tó Òkè-Ń-Rìn. Gbìì.

"Kọ́. Kọ́."

Fadérẹra ní bóyá iná ni kò tó o. Ó yọ bátìrì sólà ilé, ó fi ti ọkọ̀ ojú omi sí i, ó tún pè é. Gbìì. Kọ́.

Ó wá kọjú sí aṣọ. Yèyé kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wà láìwọṣọ. Ó ti rán agbádá sányán fún àpótí náà, ó dé e ní fìlà abetí-ajá, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Fadérẹra bọ́ gbogbo rẹ̀. Yèyé fi ọwọ́ bo ojú, ó béèrè bóyá ó fẹ́ bọ́ bàbá rẹ̀ síhòòhò lójú àna ni. Fadérẹra ní ooru lè mú un. Ó gbé ọwọ́ lé irin náà, kò gbóná. Wọ́n pe Òkíkíọlá. Gbìì. Kọ́, kọ́, kọ́.

Nígbà náà ló wá bá àwo náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo àwo ló ń mọ ìlera ara rẹ̀, ẹni tó mọ bí a ti ń bi í nìkan ló ń dá lóhùn. Àwo tó ń kú máa ń légbò. Lójoojúmọ́ ni egbò rẹ̀ á máa fẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí rẹ̀ á máa já sí kòtò. Ó wo ojú àwo bàbá rẹ̀ láti etí dé etí. Egbò àtijọ́ mélòó kan wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti jinná. Tuntun kò sí. Ohun tí àwo náà ń sọ kò ju pé abẹ́rẹ́ òun ṣìnà, ó ṣìnà, ó tún ṣìnà, bíi ti ẹni tí wọ́n ń gbá lápá níbi tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Yèyé kò lè mú ara dúró mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àpótí sì dá a lóhùn kedere, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ àná kò tó.

Fadérẹra kò gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀. Abọ́ omi tó fi fọ ọwọ́ wà níwájú rẹ̀ lórí pákó, òun ló tẹjú mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó pe ọkọ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbìì. Omi fò jáde nínú abọ́, ó fọ́n sí i lójú.

Kọ́.

Ó jókòó síbẹ̀, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún. Ó fa ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Kò kú. Àyà ọkọ mi ló ń já a láyà."

Nígbà tí ilé wà lórí òkúta, ta ló mọ̀? Àwọn bàbá ńlá wọn dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta, òkúta kò sì pe ẹnikẹ́ni sí ìdọ̀bálẹ̀ náà. Pákó lórí omi ni tiwọn báyìí, ohun tí wọ́n bá ṣe nínú yàrá, ìdáná á gbọ́. Ọ̀wọ̀ ló ń pa àgbà. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fi ìdọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ tó ni pákó ń mì tó, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń ṣìnà lórí àwo.

Yèyé gba ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì tètè rí ọgbọ́n. Ó ní ó ti parí nìyẹn. Kí wọ́n rán Òkíkíọlá lọ ra ata ní Ìbarà. Olùyẹ̀wò á dé, á kí bàbá, bàbá á dá a lóhùn bí agogo, á tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, á lọ. Èké kan kò sí nínú rẹ̀. Ata sá ni wọ́n fẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Fadérẹra. Ó ti ń wo agbọ̀n ọjà. Ṣùgbọ́n ó ro ọ̀la. Òkíkíọlá á padà láti Ìbarà, á rí irin ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ní kó má kí bàbá mọ́, ó ti sọ ọ́ di àlejò padà nínú ilé tó kù fún un láyé. Bí ó bá sì jẹ́ kó máa kí i, ọjọ́ kan á wà tí abẹ́rẹ́ á fi ẹnu kan àwo, tí egbò tòótọ́ á dé, tí ẹ̀rín Tíjánì á bá a lọ. Ó gbé agbọ̀n sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní òun máa sọ ọ́ fún Olùyẹ̀wò bó ṣe rí.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Ó ní bàbá rẹ̀ náà lórí kunkun bẹ́ẹ̀, ó sì lọ fọ ojú.

Olùyẹ̀wò Ṣówándé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e kọjá ilé wọn. Ó ka irin ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀, pákó kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lórí òun. Baba Oyèdìjí ní kó dìde, ó béèrè bóyá wọn kì í fún un lóúnjẹ nílé. Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ohùn yìí dára. Ó ń wá òǹtẹ̀ nínú àpò.

Ibẹ̀ ni Fadérẹra ti dá a dúró, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, láti orí wáyà dé orí abọ́ omi. Òkíkíọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí ilé fi tẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kúnlẹ̀ bí obìnrin nígbà náà.

Ṣówándé mi orí. Kò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ó dà bí ẹni tí bàtà òfin ń fún lẹ́sẹ̀. Ó ní òfin sọ pé àyà ọkùnrin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ẹní láàárín. Ó ní lójú òfin, àwo tó bá dún kọ́ níwájú òun ti kú, yálà ẹ̀rù ló bà á tàbí ikọ́ ló ṣe é. Ó ní bí ó bá dá arábìnrin yìí lójú, kí ó fi hàn òun lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá sì dún, kí wọ́n má bẹ òun.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ lórí tábìlì.

Fadérẹra ní kí wọ́n gbé àpótí lé fóòmù. Ṣówándé ní a kì í tẹ́ àgbà sórí fóòmù àfi bó bá kú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kéde òkú fúnra rẹ̀. Fadérẹra ní kí wọ́n fi okùn so ó mọ́ àjà, kó má kan pákó. Yèyé ló kọ́kọ́ ké pé ká má rí i, àgbà kì í so. Gbogbo wọn yí ọwọ́ ká orí nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Odò ń lá òpó ilé nísàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń dán lórí tábìlì. Fadérẹra wo àpótí náà níbi tó jókòó sí láìláṣọ, láìní fìlà, ó sì ronú ohun tó wà láyé yìí tí ilé lè mì títí tí kò ní jí i. Kó tó mọ̀, ó ti ń tú ọ̀já nídìí ìyá rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e," ló wí.

Kò yé Òkíkíọlá, ṣùgbọ́n ó gbé e. Fadérẹra bẹ̀rẹ̀, ó na ẹ̀yìn sílẹ̀ bí obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, Yèyé sì gbé ọkọ rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ìró bò ó, ó fi ọ̀já gbà á lábẹ́, ó so ó pinpin. Àpótí náà wúwo ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ. Fadérẹra tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì gbọ́ àwo náà tó ń yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì.

Ṣówándé ní òfin sọ pé kí àgbà ní ìjókòó nínú ilé rẹ̀. Yèyé dá a lóhùn kó tó panu dé. "Olùyẹ̀wò, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọkọ mi pọn ọmọ yìí nígbà tí omi ń lé wa; ẹ̀yìn ọmọ náà, òfin wo ló ní kì í ṣe ìjókòó?"

Ọkùnrin náà fi òǹtẹ̀ họ orí. Ó ní ó dáa, kí àna bàbá máa bọ̀.

Òkíkíọlá kò fẹ́. Ó ní kí òun ṣe é jẹ́jẹ́. Fadérẹra wò ó lójú, ó ní bó bá ṣe é jẹ́jẹ́, ọ̀la ńkọ́? Ó ní kó kí bàbá òun bó ṣe máa ń kí i.

Ó sì kí i.

Àwọn tó wà ní Lafẹ́nwá lọ́jọ́ náà ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n ní ilé Oyèdìjí fò kúrò lórí òpó, ó wo àyíká, kó tó padà jókòó. Wọ́n ní odò Ògùn rìn sẹ́yìn títí a fi rí ṣíbí tí ìyá àgbà ẹnìkan sọnù nígbà ọmọge. Ìgò epo fò láti orí pẹpẹ, Ṣówándé pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn lábẹ́ tábìlì, kọ́kọ́rọ́ afárá sì yọ̀ gba àlàfo pákó, ó rì sínú odò pọ̀ọ́, kò tíì padà dòní. Ìmìtìtì náà gun Fadérẹra láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, ó dé itan, ó dé ìdí. Ibẹ̀ ni ẹran ara rẹ̀ ti gbà á, tó fi rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bó ti ń rí láti ọjọ́ tí obìnrin ti ń pọn ọmọ kọjá lójú ọ̀nà òkúta.

Gbogbo wọn dẹ etí sí èjìká Fadérẹra.

"Dìde, ọmọ mi," ni Baba Oyèdìjí wí láti orí èjìká ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. "Mo ti gbọ́ ọ."

Òkíkíọlá kò tètè dìde. Èjìká rẹ̀ ń mì lórí pákó, wọ́n sì jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tán. Ṣówándé jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbọn epo kúrò lórí fìlà. Ó ní kí oníṣègùn àwo jẹ́rìí. Fadérẹra gbé òrùka sókè, ó ní àwo yìí yè, kò légbò, ìjókòó rẹ̀ ni kò dára, àti pé bó bá ti di àárọ̀, ẹ̀yìn òun ni yóò ti máa gba ìkíni títí a ó fi rí òkúta tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo àpótí ìlú kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ òǹtẹ̀, ó ká àpò dúdú rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì gba orí afárá tí kò ká náà lọ. Lódìkejì omi, Màmá Tíjánì jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborí nu ojú.

Wọ́n ní kí Fadérẹra wá sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó rìn lọ sẹ́nu fèrèsé, ó rìn padà, irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn tó ń fọwọ́ lu ìdí àpótí náà pẹ́pẹ́, pẹ́pẹ́, bí a ti ń ṣe fún ọmọ tí oorun ń kùn.

Yèyé fò dìde. Ó ní kó má mì ín mọ́, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sá fún láti àárọ̀ nìyí.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí. "Èyí kì í já mi láyà."